Mo kọ ọ̀rọ̀ owó oṣù mi sórí Facebook, wọ́n lé mi. Ṣé kí n ṣe fídíò tí wọ́n ní kí n ṣe?

Tíṣà Ọ̀jọ́ò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Tíṣà ni mí. Prámárì fọ́ọ̀ ni mò ń kọ́ nílé ìwé aládàáni kan lọ́nà Mọ́níyà, n'Íbàdàn níbí. Mo ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. ₦38,000 ni owó oṣù mi. Ọ̀jọ́ò ni mò ń gbé, mọ́tò ₦400 ní àlọ, ₦400 ní àbọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ọjọ́ iṣẹ́ 21 ṣírò rẹ̀, ₦16,800 ti bá mọ́tò lọ kí n tó ra gààrí.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Tí ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ bá jẹ gbèsè owó ilé ìwé, wọ́n á yọ nínú owó oṣù rẹ títí òbí rẹ̀ á fi san án. Wọ́n ní tíṣà ló sún mọ́ òbí jù, òun ló yẹ kó sin gbèsè. Lóṣù tó kọjá, ọmọ méjì ni ò tíì san ní kíláàsì mi. Wọ́n yọ ₦4,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n ka ₦29,000 lé mi lọ́wọ́. Ẹ wá yọ owó mọ́tò kúrò níbẹ̀. ₦12,200 ló kù tí màá fi jẹun, tí màá fi ra ọṣẹ, tí màá tún fi ra bírò pupa tí mo fi ń máàkì ìwé ọmọ ọlọ́mọ (wọn kì í fún wa ní bírò o).

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, NEPA ti mú iná lọ, mo kọ ọ́ sórí Facebook. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kọ rèé, bó ṣe wà gan-an:

"Ọmọ oní-fùfú kan àti ọmọ awakọ̀ kan ò tíì san owó ilé ìwé, èmi tíṣà wọn ni wọ́n ní kí n san án. ₦9,000 nínú ₦38,000. Ṣé èmi ni mo bí wọn ni?"

Mi ò dárúkọ ilé ìwé. Mo rò pé mo gbọ́n. Àṣé fọ́tò tó wà lójú ewé mi, ti ọjọ́ eré ìdárayá ni. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ni mo wọ̀, orúkọ ilé ìwé sì wà láyà rẹ̀ gàdàgbà. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, àwọn èèyàn ti pín in ju ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ, ẹnì kan sì ti fi ìlà pupa yí àyà mi po kí ojú má baà fo orúkọ náà.

Aago mẹ́wàá, àwọn ọmọ wà ní bíréèkì, ni Dádì ránṣẹ́ pè mí. (Dádì ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ni ilé ìwé, àtọmọ àti tíṣà.) Ó na fóònù sí mi lójú. Ó ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ó ní kí n gbé rẹ́jísítà kalẹ̀, kí n gbé máàkà kalẹ̀, kí n máa lọ. Kò fún mi níwèé, kò fún mi ní nótíìsì. Mi ò tíì dé ibi tí mo ti ń wọ mọ́tò tí wọ́n fi yọ mí kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́.

Àwa tíṣà mẹ́rìnlá la wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí wọn kì í yọ owó tiẹ̀. Mọ́kànlá nínú wọn ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti sọ fún mi pé mo ṣe dáadáa. Ẹyọ ẹnì kan ò tẹ "like". Èyí tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ máa ń jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan, mo pàdé ẹ̀ ní ọjà Ọ̀jọ́ò ní Sátidé, ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn alátàa kọjá bíi pé kò rí mi.

Láti ìgbà náà mo ti dé ilé ìwé mẹ́ta. Ní ìkẹta, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ọmọ ní ìdá nínú ìṣirò kí wọ́n lè wo bí mo ṣe ń ṣe é. Mo gé ọsàn sí mẹ́rin lójú wọn, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Màdáámù tó ń wò mí wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra ní, "Àǹtí, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní àwọn á pè mí. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé.

Ní báyìí Dádì ti ránṣẹ́. Ó ní kí n ṣe fídíò, kí n sọ pé irọ́ ni mo pa, pé inú ló bí mi. Tí mo bá ṣe é, á san owó ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ lóṣù tó lé mi, á sì kọ ìwé ẹ̀rí fún mi tí mo lè mú lọ síbòmíràn. Ìyá mi ní kí n ṣe é kíá kí n sì lọ dọ̀bálẹ̀ lórí ẹ̀, èmi obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dán an wò. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé kí n ṣe é ni? Àbí kí n kàn pa ohun tí mo kọ rẹ́, kí n sì dákẹ́?

Ìyá Adé, Abẹ́òkúta

Àǹtí tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ. Èmi náà nílé ìwé. Kékeré ni, ọmọ 86. Mi ò yọ owó tíṣà rí torí gbèsè òbí, ìwà ìkà nìyẹn, mo sì mọ àwọn tó ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bẹ níkùn wa fún yín. Tí òbí mẹ́ta bá ka irú ìwé yẹn tí wọ́n sì mú ọmọ wọn kúrò, owó oṣù tíṣà kan ló bá wọn lọ yẹn. Ọ̀dọ̀ tèmi, tí wọ́n bá wọlé ní January, ìdajì òbí ló ti fi owó ṣọdún tán, mò ń fi àjọ ọjà san owó tíṣà títí di March. Àwa tá a nílé ìwé ládùúgbò ní gúrúùpù tiwa. Tí tíṣà bá kówó jẹ, tàbí tó na ọmọ dójú àmì, a máa ń ta ara wa lólobó. Ó dá mi lójú pé orúkọ yín ti dé irú rẹ̀ n'Íbàdàn. Kí n má purọ́ fún yín, tẹ́ ẹ bá wá sọ́dọ̀ mi lọ́la, ọwọ́ mi ò ní yá. Kì í ṣe pé ẹ jẹ̀bi. Ẹ̀rù ni.

Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín: ṣé ẹ bá bàbá yẹn sọ ọ́ lójúkojú kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́jà?

Tíṣà Ọ̀jọ́ò

Mà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ ò fi bò fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá wọn sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kìíní wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí ojú mi ṣe le tó láti béèrè owó lọ́wọ́ àwọn, kí ó le bẹ́ẹ̀ sí àwọn òbí. Lẹ́ẹ̀kejì mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ní àpéjọ àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ka ìwé náà síta níwájú gbogbo ọmọ, wọ́n ń tún gírámà mi ṣe. Gírámà tí wọ́n gbà mí pé kí n wá fi kọ́ ọmọ! Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Akọ̀wé Lọ́yà

Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n'Íbàdàn náà ni. Èmi kọ́ ni lọ́yà, èmi ni mò ń tẹ ìwé ẹjọ́, torí náà ẹ mú ohun tí mo bá sọ lọ bá ẹni tó jù mí lọ.

Fídíò yẹn, ẹ má ṣe é. Mi ò sọ ọ́ torí iyì o. Tó bá jẹ́ òótọ́ lẹ kọ, òótọ́ yẹn gan-an lẹ máa sá sí lábẹ́ tí ẹnikẹ́ni bá sọ ní kóòtù pé ẹ ba òun lórúkọ jẹ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹnu ara yín sọ pé irọ́ ni, ẹ ti bá a kọ ìwé ẹ̀sùn. Ó lè gba fídíò lọ́wọ́ yín lónìí kó pè yín lẹ́jọ́ lọ́la. Ẹ lè sọ pé ó dùn yín pé ọ̀rọ̀ náà di ariwo, kò sóhun tó burú nínú ìyẹn. "Mo purọ́" ni kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu yín.

Kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ ya àwòrán gbogbo rẹ̀ pamọ́, títí kan ohun tí bàbá yẹn fi ránṣẹ́ sí yín. Kẹ́ ẹ wá ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín jáde. Kí ló sọ nípa nótíìsì? Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ní ẹni tó ti lo ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni nótíìsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yẹn ń bójú tó. Lọ́yà tiwọn á ní tíṣà ò sí níbẹ̀. Ìwé yín ló máa sọ̀rọ̀. Tó bá kọ oṣù kan, tí wọ́n sì lé yín láàárín wákàtí kan, owó oṣù kan ni wọ́n jẹ yín. National Industrial Court ló ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, wọ́n sì ń jókòó n'Íbàdàn. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 lọ bá wọn: òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá ti tó 25 sílẹ̀, tíṣà mẹ́rìnlá lẹ sì pe ara yín.

Àwọn èèyàn á máa sọ fún yín pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, abala 39 ìwé òfin Nàìjíríà ló wà. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí mo ti ń tẹ̀wé yìí, mi ò rí ibi tí abala 39 ti san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni. Kódà níbi tó ti jẹ́ ti ìjọba, ẹ rántí agùnbánirọ̀ kan l'Ékòó ní March 2025 tó ṣe fídíò lórí ọ̀wọ́n gógó, tó sì bẹnu àtẹ́ lu ààrẹ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n fi oṣù méjì kún tirẹ̀. Àjọ NYSC tó ń bójú tó àwọn agùnbánirọ̀ ní torí pé kò wá ṣe clearance oṣù ni. Ẹ ní kí n gbà bẹ́ẹ̀, mo ti gbà.

Bàbá Ìlọrin

Ọmọ mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ látòkè délẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀.

Nílùú tí mò ń gbé yìí, ní 2001, yunifásítì lé olùkọ́ 49 torí pé wọ́n bá ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yanṣẹ́ lódì. Àwọn tí ń pọn ọmọ lóyè lọ o, tí ìwé kún orí wọn. Ẹjọ́ náà rìn títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábújá. Ó di 2009 kí wọ́n tó dá wọn láre pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tó wà ní prámárì wáàn lọ́jọ́ tí wọ́n lé bàbá rẹ̀ ti wà ní JSS 3. Ohun tó sì gbà wọ́n nìyí: òfin ló dá yunifásítì náà sílẹ̀, òfin yẹn náà ló sọ ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè yọ olùkọ́, wọn ò sì gba ọ̀nà náà. Ìwọ ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tún wà lẹ́yìn tiwọn. Tìrẹ, èèyàn mọ́kànlá ló pè ọ́ lálẹ́.

Mo rántí Ogunde. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, ẹnu àwọn àgbà ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ní 1964 ó ṣe eré kan tó pè ní Yorùbá Ronú, ìjọba Akíntọ́lá ní àwọn ló ń bá wí, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹni tó jẹ́ pé eré ló fi ń bọ́ agbo ilé rẹ̀! Kò bẹ̀bẹ̀, ó tún gbé òmíràn dìde, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966 ni Fajuyi, gómìnà ológun Ìwọ̀ Oòrùn, mú òfin náà kúrò. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, ìgboyà rẹ̀ ni wọ́n máa ń yìn. Èmi máa ń wo ibòmíràn. Ogunde ti ṣe tíṣà rí, ó ti ṣe ọlọ́pàá rí. Láti 1946 ló ti fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba máa fi bínú sí i, kò sí rẹ́jísítà tí ẹnikẹ́ni lè ní kó gbé kalẹ̀. Ká ní ọlọ́pàá ló ṣì ń ṣe lọ́dún náà ńkọ́? Wọn ì bá ti bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀ kí ó tó kọ orin kejì.

Má ṣe fídíò kankan. Ṣùgbọ́n wá ohun tó jẹ́ tìrẹ, kékeré ì báà jẹ́.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ lọ yí fọ́tò padà ná. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn náà lẹ wọ̀ nínú èyí tẹ́ ẹ lò níbí o. Mo ti ka orúkọ ilé ìwé.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Ẹni tó bá rò pé ọ̀dọ̀ wa níbí yàtọ̀, kó má rò bẹ́ẹ̀ pátápátá. Òfin wà láti 1998 pé wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá tú àṣírí ohun tó léwu. Nílé ìwòsàn ìjọba wa, tí wọ́n ń pè ní NHS, wọ́n yan ẹnì kan pé òun ni ká máa lọ bá. Ó dára, mi ò bú u.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Dókítà Stephen Bolsin ní Bristol. Òun ló ń kun àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún wọn. Ó rí i pé ikú ń pọ̀ jù, láti nǹkan bí 1990 ló ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá, ó sì jókòó ka àwọn òkú náà fúnra rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wò ó bí ọ̀tá. Nígbà tó yá, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Geelong ní Ọsirélíà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ní ọmọ ọwọ́ bí 30 sí 35 ló fi kú ju iye tó yẹ lọ láàárín 1991 sí 1995. Òótọ́ rẹ̀ ti hàn, òun sì ti dé Ọsirélíà.

Èmi, tí mo bá rí nǹkan lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń kọ ọ́ síbi tí wọ́n ní ká kọ ọ́ sí, mo máa ń ní déètì rẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò gbé e lọ sí Facebook rí. Mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni àbí ojo. Àǹtí mi, ìwé tẹ́ ẹ tì sábẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, tí ẹ̀dà rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ fi pamọ́.

Tíṣà Ọ̀jọ́ò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà kúrò lára gbogbo fọ́tò, Ọmọ Mọ́kọ́lá, ẹ ṣé.

Mi ò ṣe fídíò. Mo wá ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi rí nínú Bíbélì ìyá mi, oṣù kan ni nótíìsì tó wà níbẹ̀. Ọkọ àǹtí mi bá mi lọ lọ́jọ́ Ajé. Ó wọ agbádá, kò sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó. Dádì ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ka ₦20,000 sórí tábìlì, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé kò sí gbèsè mọ́ láàárín wa. Mo kọ ọ́ pé "mo gba ₦20,000 nínú ₦38,000", mo fọwọ́ sí ìyẹn. Wọn ò fún mi níwèé ẹ̀rí. Bóyá màá dé kóòtù, bóyá mi ò ní dé ibẹ̀, mo máa kọ́kọ́ jẹun ná.

Ohun tí mo padà wá sọ kọ́ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, oní-fùfú wá sílé mi. Kò kí mi. Ó ní òun nìkan ni oní-fùfú tí ọmọ rẹ̀ wà ní prámárì fọ́ọ̀ nílé ìwé yẹn. Òun ò ní Facebook, oníbàárà òun ló ka ohun tí mo kọ sí òun létí níwájú àwọn tó ń ra fùfú, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó tú ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀, ó ka ₦4,500 sórí bẹ́ǹṣì, ₦200 àti ₦100 ni gbogbo ẹ̀, ó ń rùn fùfú. Ó ní, "Ẹ gbà, mi ò jẹ yín ní gbèsè mọ́."

Mo ní, "Ìyá, èmi kọ́ lẹ jẹ, ilé ìwé ni. Mi ò sì kọ orúkọ yín."

Ó ní, "Fùfú lorúkọ mi."

Mi ò rí èsì fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ kó mú owó rẹ̀, ó ti ń lọ. Nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn, kò sí ẹni tó rí i, èmi náà tí mo kọ ọ́ ò rí i. Mo ní kí n má bú ẹnikẹ́ni, mo sì gbé obìnrin tó ń jí ní aago mẹ́rin gún fùfú sójú ọjà torí kí ọ̀rọ̀ mi lè dùn ún kà.

Mo ti padà lọ tún un kọ. "Ọmọ méjì ò tíì san owó ilé ìwé" ló fi bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìyókù ṣì wà níbẹ̀, mi ò ní pa á rẹ́. Ọmọ rẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ mi fún lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, òun àti ọmọ mẹ́fà mìíràn, nínú kọ́ríídọ̀ ilé wa. ₦500 lọ́sẹ̀ ni mò ń gbà. Mo kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sínú ìwé fún tirẹ̀. A ti lo ọ̀kan.